Ohùn Tó Dáhùn Nínú Kànga Òkè-Àfà

Garawa tí Abórìṣàdé fà jáde nínú kànga lọ́sàn-án ọjọ́ náà ń rú èéfín. Kì í ṣe èéfín iná, nítorí kò rùn bí igi tàbí kẹrosíìnì. Ooru omi ni, ó funfun, ó sì ń rọra gòkè bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Wàsílátù, tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀, ti ìka bọ inú ẹrẹ̀ tó wà nínú garawa náà kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Kíá ló fa ìka yọ, ó fi di etí ara rẹ̀ mú. Èèyàn ti rí kànga tó gbẹ, èèyàn ti rí kànga tí omi rẹ̀ níyọ̀, ṣùgbọ́n kànga wo ló ń se omi ara rẹ̀ ní Èkó yìí?

Ọdún tí owó Údọ́jì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Epo rọ̀bì ti sọ gbogbo ìlú di ọlọ́rọ̀ ọ̀sán gangan. Ẹni tí kò ra fìríìjì ra mọ́tò, ẹni tí kò ra mọ́tò ra ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba, ra tirẹ̀ sí Òkè-Àfà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì kún fún igbó àti àbàtà. Kànga ló kọ́kọ́ fẹ́. Táòfíkì, ọkọ Wàsílátù, ló gba iṣẹ́ náà. Òun ló ń wọ inú ilẹ̀ lọ gbẹ́ ẹ. Abórìṣàdé, àgbàlagbà ọmọ Ìṣẹ́yìn bíi tirẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló ń di okùn mú lókè.

Wàsílátù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí nǹkan inú ilẹ̀ ṣàjèjì sí. Káún, álọ́ọ̀mù, imí-ọjọ́ àti tìróò ló ń tà lẹ́bàá títì ní Apákùn, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Tó bá tọ́ káún lá, á sọ fún ọ bóyá wọ́n ti da iyanrìn sí i. Ó tètè máa ń rẹ́rìn-ín, ó tètè máa ń pariwo, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ayọ̀ mọ́ra. Ọlọ́run ló mọ bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe di aya agbẹ́kànga, nítorí iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ kànga.

Èèwọ̀ kan wà tí Abórìṣàdé kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tó sì fi kọ́ Táòfíkì: wọn kì í pe orúkọ ẹni tó wà nínú kànga títí orí rẹ̀ yóò fi yọ síta. Bí ẹni òkè bá fẹ́ bá ti ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, á fi irin lu ẹ̀gbẹ́ garawa. Bí ti ìsàlẹ̀ bá fẹ́ gòkè, á fa okùn. Wàsílátù kò ka èèwọ̀ yìí sí ìnira, nítorí òun kì í kúkú pe ọkọ òun lórúkọ. "Bọ̀ọ̀dá mi" ló ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Abórìṣàdé da ẹrẹ̀ náà sílẹ̀. Nǹkan kan kọ mànà láàárín rẹ̀. Wàsílátù bẹ̀rẹ̀, ó fi omi mímu ọkọ rẹ̀ ṣan ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì figbe bọnu.

Òkúta ni, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó mọ́ gaara bíi dígí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú yíká bí ẹni pé káfíńtà ló fá a, orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọ̀ elésè àlùkò kan wà tó ń rìn kiri bí èèyàn ṣe ń yí i.

"Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ wá wò ó o!"

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé sáré wá láti ibi tó ti ń wọn ilẹ̀, táì rẹ̀ ti fò lọ sẹ́yìn ọrùn. Ó gba òkúta náà, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Jésù! Omi gbígbóná ló ṣe èyí," ó ní. "Nílé wa l'Ékìtì, omi gbígbóná ń jáde látinú òkè, èmi gan-an ti wẹ̀ níbẹ̀. Tí omi bá gbóná jù lábẹ́ ilẹ̀, òkúta á máa yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Tó bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, á máa to òkúta náà padà sára ògiri. Ẹ wo bó ṣe tò ó!"

"Bí álọ́ọ̀mù ṣe ń dì," ni Wàsílátù wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìyàwó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́!"

Ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ ni okùn ti fà. Abórìṣàdé gbé Táòfíkì jáde, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Wọ́n kí i kú ewu. Kò tilẹ̀ dúró jẹun.

"Ẹ̀gbẹ́ kànga ló ya," ó ní, bí ẹni tó ń sọ àṣírí. "Yàrá kan wà nínú rẹ̀. Wàsílá, yàrá ńlá! Gbogbo ara ògiri ló ń dán. Ó ń mí sí mi lójú."

"Kí ló ń mí?"

"Yàrá náà."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abórìṣàdé kò rẹ́rìn-ín, ó ń ká okùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ kò dà bí iṣẹ́ mọ́, ó dà bí ọdún iléyá. Garawa ń gòkè, garawa ń sọ̀ kalẹ̀. Òkúta pupa rúsúrúsú dé, èyí tó dà bí imí-ọjọ́ dé, òmíràn funfun tó sì tínrín bí abẹ́rẹ́, tí èèyàn bá mí sí i lásán á ṣẹ́. Wàsílátù kò lọ sí Apákùn rárá. Ó jókòó sẹ́nu kànga, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó sì ń fi ahọ́n kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò níyọ̀. Èyí kan díẹ̀. Èyí tutù lẹ́nu bí omi àmù.

Nígbà tí àsìkò ìrun ọ̀sán tó, Abórìṣàdé na okùn sí i. "Ìyàwó, di èyí mú. Irin nìyí. Ohunkóhun tó o bá fẹ́ sọ, irin ni kó o fi sọ ọ́." Ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tó lọ tí garawa kan wúwo. Wàsílátù àti Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé ló fà á. Òdòdó ló wà nínú rẹ̀, òdòdó òkúta, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun ní ìdí, ó sì ń fì sí elésè àlùkò létí. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Oòrùn wọ inú rẹ̀, gbogbo ojú Wàsílátù kún fún ìmọ́lẹ̀, ayọ̀ sì gùn ún. Ó gbàgbé irin, ó gbàgbé Abórìṣàdé, ó gbàgbé bí aya ṣe ń pe ọkọ. Ó na ọrùn sínú kànga.

"Táòfíkì! Táòfíkì o! Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn?"

"Hòo!"

Ìdáhùn náà yá jù. Ohùn tirẹ̀ kò tíì dákẹ́ nínú kànga nígbà tó dé, kò sì ti ìsàlẹ̀ wá bó ṣe yẹ. Ìtòsí ló ti wá, bí ẹni pé ẹnìkan ti fara ti ògiri lábẹ́ ẹnu kànga, tó ń retí kí wọ́n pe òun. Irun ọrùn Wàsílátù dìde. Ṣùgbọ́n okùn ti ń fà, òdòdó náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dán, ló bá ta ẹ̀rù náà nù.

Àwọn méjèèjì fà á, wọ́n ń mí gúlegúle, nítorí ó wúwo ju ẹni kan lọ. Táòfíkì yọ. Kò sí ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbóná. Oòrùn ọ̀sán gangan ṣán án lójú, kò ṣẹ́jú.

"Ẹ kú ewu, bọ̀ọ̀dá mi!" Wàsílátù dì mọ́ ọn.

"Wàsílátù," ó ní, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Ó wá kọjú sí onílé. "Ọ̀gá, ẹ bo kànga yìí. Ìjọba ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Tí àwọn sójà bá gbọ́, ilẹ̀ yín àti ilé yín ni wọ́n máa gbà. Ẹ pe bíríkìlà wá lọ́la, kó dà á pa."

Ojú Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé fà ro. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí Abórìṣàdé fi máa kírun dé, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe.

Nírọ̀lẹ́, nínú yàrá wọn ní Ìsọlọ̀, Wàsílátù gbé ẹ̀bà kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ òsì, ó bu òkèlè.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀? Ẹ ń ṣe jóòkù ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá ọwọ́ náà fẹ́rẹ́.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí kò mọ èyí tí wọ́n ń bá wí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Wàsílátù ti rí àpá àdá tí ọkọ rẹ̀ ní látìgbà èwe. Àtàńpàkò òsì ni àpá náà wà láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Ti ọ̀tún ló wà báyìí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti rẹ òun, pé ojú òun ló ń yí.

Àárọ̀ ni kò jẹ́ kó lè tan ara rẹ̀ mọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì tí ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ lórí àpótí, ó le gbandi. Nígbà tó gbọ̀n ọ́n, nǹkan funfun tó ń dán rọ̀jò sílẹ̀ ṣàràṣàrà. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó gbé e sí ahọ́n. Ó mọ òógùn ọkọ rẹ̀. Iyọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Èyí kò níyọ̀. Kò ní nǹkan kan. Ó dà bí ẹni tó lá dígí. Ó fọwọ́ kan ibi tí ọkùnrin náà sùn sí, mátírẹ́ẹ̀sì náà ṣì gbóná bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti pẹ́ tó ti jáde lọ bá bíríkìlà.

Abórìṣàdé ń rin pákò lẹ́yìnkùlé ilé tí wọ́n jọ ń gbé nígbà tó sáré bá a.

"Bàbá, ara ọkọ mi ti yí padà. Ohun tó wà lósì ti bọ́ sọ́tùn-ún."

Bàbá náà yọ pákò lẹ́nu. "Ìyàwó. Ṣé o pè é?"

"Inú mi ló dùn, bàbá."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an?"

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ni."

"Ta ló dáhùn?"

Ohùn tó ti ìtòsí wá yẹn tún dún sí Wàsílátù létí.

"Ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn kò lórúkọ," Abórìṣàdé sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó lè mú àwòrán ohun tó bá ti fara kàn án, bí dígí ṣe ń mú un. Ṣùgbọ́n kò lè jáde láìlórúkọ. Ìwọ lo fún un ní ti ọkọ rẹ."

"Ọkọ mi náà ńkọ́?"

"Á ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ wo ló fẹ́ fi jáde?"

Wàsílátù kò dúró wọ bàtà. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì dé Òkè-Àfà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀: kí wọ́n má tíì bò ó, kí wọ́n má tíì bò ó. Bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ńtì. Ọkùnrin tó gba orúkọ ọkọ rẹ̀ ti lọ gbé irin tí wọ́n máa tẹ́ sórí kànga wá ní Ìsọlọ̀. Abórìṣàdé tẹ̀lé e dé, ó jókòó sẹ́nu kànga bàmù.

"Ọ̀gá, dígà wa wà nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bo kànga mọ́ irinṣẹ́ agbẹ́kànga. Kò ní í dáa fún ilé yín."

"Ẹ yáa ṣe é kíá, bàbá," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé wí, ó ń wo ojú ọ̀nà bóyá sójà ń bọ̀.

Eékún bàbá kò gbé e wọ kànga mọ́, òun nìkan ló sì lè fa okùn dáadáa. Wàsílátù ká ìró sókè, ó gbà á láàárín itan, ó ki tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó wọlé.

Ẹ̀rù bà á, mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ikùn wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kànga tó ya, tí iná tọ́ọ̀ṣì sì tan yíká, ẹ̀rù náà ní láti ṣípò fún nǹkan mìíràn. Òrùlé ibẹ̀ ga ju ti mọ́ṣáláṣí lọ. Òkúta dígí yọ láti ibi gbogbo, òmíràn nípọn tó òpó, wọ́n kọjá síra wọn, elésè àlùkò, pupa, funfun báláú. Irun òkúta já wálẹ̀ látòkè. Iná kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sínú òkúta kan, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí òmíràn, títí gbogbo yàrá fi ń jó lálá láìsí ẹ̀fúùfù. Nísàlẹ̀, adágún omi kan ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ooru ń wá, ó ń lọ, ó ń wá, ó ń lọ, bí ẹni tó ń sùn. Lójú òkúta kọ̀ọ̀kan, Wàsílátù rí ara rẹ̀, ẹgbẹ̀rún Wàsílátù tó fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu. Ó yí orí padà. Gbogbo wọn yí orí padà. Ọ̀kan nínú wọn kò tètè yí i.

Kò wo apá ibẹ̀ mọ́.

Ọkọ rẹ̀ jókòó létí omi náà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òkúta funfun ti hù bò ó láti àyà dé àgbọ̀n, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí òdòdó àná yẹn gẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé iná. Ó wà láàyè! Gbogbo ara Wàsílátù fẹ́ ké pè é. Tọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló gbà á là. Ó ge é jẹ títí eyín fi ro ó. Ó mú dígà tó wà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fọ́ òkúta náà kúrò, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àpá àdá ń bẹ lórí àtàńpàkò òsì. Ó fi ẹnu kò ó. Iyọ̀ wà níbẹ̀.

Ó wọ́ ọ dé ibi okùn, ó so ó, ó fa okùn, Abórìṣàdé sì fà á lọ sókè. Nígbà tí okùn fi máa padà wá gbé òun, òun nìkan ló wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú èémí náà, kò sì mí sókè kí ó tó yọ síta.

Lókè, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó ń ka Sáàmù. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń mí. Ọkùnrin kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú irin lórí èjìká, ojú kan náà, imú kan náà. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀.

"Wàsílátù, ìwọ lo pè mí," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló pe èyí?"

Ó gbé irin náà kalẹ̀, ó gba orí sìmẹ́ńtì tútù náà kọjá lọ sójú ọ̀nà Ìsọlọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn le gbandi lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n bo kànga náà kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ Wàsílátù jẹun, ó sùn, ara rẹ̀ mókun. Ṣùgbọ́n kò ní ohùn. Bí àwọn ará ilé bá pe Táòfíkì, kì í yíjú, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Bí Wàsílátù bá ní "bọ̀ọ̀dá mi," á rẹ́rìn-ín sí i, á la ẹnu, ooru funfun díẹ̀ á jáde, kò sí ọ̀rọ̀. Ó máa ń di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, á máa wá ohùn ara rẹ̀ nínú ọ̀fun títí omijé á fi bọ́ lójú rẹ̀. Wàsílátù tó máa ń pariwo kò pariwo mọ́.

"Ẹni tó bí i nìkan ló lè pè é padà," Abórìṣàdé ní. Ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ kan ní Ọ̀ṣọ́dì sí ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, pé kó máa bọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Wàsílátù gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ta ìjókòó ṣubú. Ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn, ó wólẹ̀ sórí eékún.

"Dìde, ìyàwó mi, dìde. Awakọ̀ yín kò tilẹ̀ bá mi nílé. Táòfíkì fúnra rẹ̀ ló ti mú mi wá. Láti ìgbà tó ti dé bá mi ni kò ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan omi. Ọmọ dáadáa!"

Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tó gbé ẹrù rẹ̀ tẹrí ba wọlé.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín wọ yàrá, ó sì rí ẹni tó jókòó lórí ibùsùn. Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa lọ. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún.

"Ìyá, èyí tó jókòó yìí ni tiwa," Wàsílátù tọ́ka sí orí ibùsùn. "Ẹ pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ. Ẹ kàn pè é."

Ọkùnrin orí ibùsùn ti na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyá náà fi ọwọ́ di àyà mú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi."

"Hòo!"

Ohùn ọkọ rẹ̀! Ohùn rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀! Wàsílátù fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó ké "Alihamudulilai!" Ìgbà tó balẹ̀ ló tó mọ̀ pé ìró méjì ni òun gbọ́, pé èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà jẹ́ ìpè náà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìfẹ́ kan náà, pé omijé sì ń bọ́ lójú òun náà, tó ń dì, tó ń dán lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìyá náà ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan sí èyí, ọ̀kan sí tọ̀hún.